Ṣọ́tigọ́ọ̀nù àbí ráífù? Ìbéèrè táwọn ará wa ní Texas ń bi mí nípa ìbọn tí wọ́n fẹ́ fi ṣọ́lé

Látìgbà táwọn èèyàn ti mọ̀ pé mo máa ń lọ yìnbọn ní rénjì, ibi tí wọ́n ti ń fi ìbọn dánra wò, lọ́jọ́ Sátidé, kò sí òde ìnáwó tí mo dé ní Houston yìí tí ẹnì kan ò ní fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé ẹ̀gbọ́n, olè fọ́ ilé aládùúgbò wa, mo fẹ́ ra ìbọn, èwo ni kí n rà. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún gùn ju ohun téèyàn lè sọ nídìí abọ́ jọ̀lọ́ọ̀fù lọ, torí náà mo kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí. Ìbọn ìlewọ́ ò sí nínú ọ̀rọ̀ òní, ìbọn gígùn méjèèjì yìí nìkan ni. Mi ò kì í ṣe lọ́yà o, ibi tí òfin bá ti le, ẹ lọ bá lọ́yà.

Kí ni ìyàtọ̀ wọn gan-an? Ṣebí ìbọn nìbọn?

Rárá o. Ṣọ́tigọ́ọ̀nù ló bá ìbọn táwọn ọdẹ wa ń gbé tan. Ẹnu ẹ̀ fẹ̀, inú irin ẹ̀ ń dán, kátíríìjì kan lẹ máa yìn àmọ́ ọ̀pọ̀ ọta wẹ́wẹ́ ló máa tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni 12 gauge, 20 gauge ló tẹ̀ lé e, 20 yẹn ló sì kéré jù nínú méjèèjì, ìyẹn máa ń da àwọn èèyàn láàmú. Ohun tó fà á ni pé láyé àtijọ́, wọ́n máa ń ka iye òjé roboto tó bá ẹnu ìbọn mu tó máa wọn pọ́ùn kan, tó bá jẹ́ 12 ló pé pọ́ùn kan, 12 gauge nìyẹn, tó bá jẹ́ 20, á jẹ́ pé òjé yẹn kéré nìyẹn. Kátíríìjì tí wọ́n ń pè ní 00 buckshot sábà máa ń ní ọta mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án nínú, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ju mìlímítà 8 lọ.

Ráífù ní tiẹ̀, wọ́n ti gbẹ́ ìlà sínú irin ẹ̀ tó ń yí ọta bí òkòtó títí táá fi jáde, ọta kan lẹ́ẹ̀kan, ibi tẹ́ ẹ bá kọjú ẹ̀ sí ló máa lọ tààrà. Èyí táwọn èèyàn ń gbé sílé jù ni AR-15 tó ń lo ọta .223 tàbí 5.56. Ọta yẹn kéré bí èkúrọ́ tí wọ́n là sí méjì àmọ́ eré tó ń sá tó 3,000 ẹsẹ̀ bàtà láàárín sẹ́kọ́ńdù kan. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára irin ìbọn yín kẹ́ ẹ tó ra ọta o, tó bá jẹ́ .223 nìkan ni wọ́n kọ, ẹ má ki 5.56 sí i.

Wọ́n ní ṣọ́tigọ́ọ̀nù ò fẹ́ kéèyàn wojú ibi tó ń yìn, pé téèyàn bá ti kọjú ẹ̀ sápá ibi tí olè wà, ó parí.

Irọ́ gbuu ni. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá, inú igbó ló ti wá, níbi tí ẹran ti jìnnà tí ọta ti ráyè fọ́n ká kó tó débẹ̀. Inú ilé kì í ṣe igbó. Ẹ mú téèpù kẹ́ ẹ wọn ibi tó gùn jù nínú ilé yín, bóyá láti ẹnu ọ̀nà yàrá yín dé ìdí ilẹ̀kùn àbáwọlé, ẹ ó rí i pé kì í sábà ju yáàdì mẹ́wàá lọ, ilé ẹlòmíì ò sì tó márùn-ún. Ohun táwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí máa ń sọ ni pé buckshot ń fẹ̀ tó nǹkan bí ínṣì kan fún yáàdì kan, kátíríìjì ayé òde òní tilẹ̀ ń kó jọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú pálọ̀ yín, gbogbo ọta mẹ́sàn-án yẹn á balẹ̀ sójú ibi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Tẹ́ ẹ bá ṣìnà pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ kan, ẹ ti ṣìnà pátápátá nìyẹn, ọta mẹ́sàn-án ló sì ń wá ibi tó máa wọ̀ lẹ́yìn ẹni yẹn.

Ìbọn méjèèjì ló fẹ́ kẹ́ ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó fà á.

Èwo nínú wọn ló máa wọ ògiri kọjá?

Méjèèjì. Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí, torí pé òun ló yà wá sọ́tọ̀ sáwọn tí wọ́n bí síbí.

Àwa tá a dàgbà nínú ilé búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́sàn-án, tí ògiri bá wà láàárín tèmi tìrẹ, ọkàn wa balẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ti ń gbé ilé òyìnbó fún ogún ọdún àmọ́ nínú orí wa, ògiri búlọ́ọ̀kù la ṣì ń rí. Ẹ lọ fi ìka kan ògiri yàrá yín kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún bí àpótí òfìfo. Ṣíìtìrọ́ọ̀kù ni, ìdajì ínṣì lápá ibí, ìdajì ínṣì lápá ọ̀hún, pákó fọ́ọ̀bàì-túù kọ̀ọ̀kan dúró láàárín, atẹ́gùn ló kún ìyókù. Mo ti rí ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó fi ìgbónwọ́ lu ú níbi tó ti ń ṣeré tí ihò sì yọ. Ọta ìbọn wo ni nǹkan yẹn fẹ́ dá dúró? Buckshot á la yàrá kan kọjá bọ́ sí ìkejì. Ọta ńlá kan ṣoṣo tí wọ́n ń ki sínú ṣọ́tigọ́ọ̀nù tí wọ́n ń pè ní slug, kẹ́ ẹ má tiẹ̀ dá a lábàá nínú ilé. Ráífù tí wọ́n fi ń ṣọdẹ àgbọ̀nrín, irú .308 àti .30-30, á gba inú ilé yín jáde lọ sílé ẹlẹ́ni.

Ohun tó máa yà yín lẹ́nu ni pé .223 kékeré yẹn, tó bá jẹ́ ọta tí wọ́n ṣe fún ìdáàbòbò ilé, tí imú ẹ̀ máa ń là tàbí fọ́, agbára ẹ̀ sábà máa ń tètè tán lẹ́yìn tó bá ti wọ ògiri ju buckshot lọ, torí pé ó fúyẹ́, eré tó ń sá sì pọ̀, tó bá ti kan nǹkan á bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìrì, á ṣẹ́ wẹ́wẹ́. Buckshot wúwo, ó roboto, kò ní ibi tó máa ti ṣẹ́. Àmọ́ ẹ má gbọ́ èyí kẹ́ ẹ wá rò pé mo ní kò léwu o! Ó ṣì máa wọ ògiri kan tàbí méjì, ó sì ṣì lè pa ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn ẹ̀. Èyí tí imú ẹ̀ ní irin nínú, táwọn kan máa ń rà torí pé ó ń jẹ́ orúkọ ológun, kò yẹ ká gbé e wọ inú ilé rárá.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó ra èyíkéyìí, ẹ gbé bébà àti bírò, ẹ ya ilé yín. Ẹ sàmì sí ibi tí orí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń wà tó bá sùn lóru. Ẹ sàmì sí ilé aládùúgbò lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹ wá wo ibi tẹ́ ẹ máa dúró sí àti ibi tí olè máa gbà wọlé, kẹ́ ẹ fa ìlà láti ibi kan sí èkejì, kẹ́ ẹ fa ìlà yẹn kọjá lọ síwájú. Ibi tí ìlà yẹn dé lọta yín máa dé. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ ni, ibẹ̀ ò ṣeé yìnbọn sí, ìbàá jẹ́ ṣọ́tigọ́ọ̀nù, ìbàá jẹ́ ráífù.

Tí mo bá wá lo ọta ẹyẹ ńkọ́, èyí tó kéré bí ọkà bàbà, kó má bàa wọ ògiri?

Ẹyẹ ni wọ́n ṣe é fún. Lóòótọ́, tó bá jìnnà díẹ̀ kò ní lọ jìnnà nínú ògiri, àmọ́ ohun tó mú kó rí bẹ́ẹ̀ náà ni kì í jẹ́ kó wọlé tó nínú ara èèyàn. FBI ní tiwọn, látẹ̀yìn ìjà tó pa àwọn èèyàn wọn ní Miami lọ́dún 1986, ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ọta ni pé kó wọlé tó ínṣì 12 nínú jẹ́lì tí wọ́n fi ń dán an wò. Ọta ẹyẹ ò débẹ̀. Ẹ tọ́jú ẹ̀ fún rénjì, torí pé ó pọ́ọ́kú, ó sì dáa láti fi kọ́ṣẹ́.

Ìyàwó mi ò ga, ara ìyá mi tó wá tọ́jú ọmọ ò sì le. Èwo ló rọrùn fún wọn?

Ráífù, láìsí àní-àní. 12 gauge pẹ̀lú buckshot máa ń gbá èjìká bí ẹni pé àgbò kan èèyàn, mo ti rí géńdé ọkùnrin tó yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta tó ní òun ò ṣe mọ́. AR tí .223 wà nínú ẹ̀, èjìká ò ní mọ̀ ọ́n lára tó bẹ́ẹ̀, ìdí ẹ̀ sì máa ń ṣeé fà gùn tàbí kúrú kó lè bá ọwọ́ ẹni tó gbé e mu. Ọta 30 ló sábà máa ń wà nínú magasíìnì ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé márùn-ún sí mẹ́jọ ni ti ọ̀pọ̀ ṣọ́tigọ́ọ̀nù.

Ohun mìíràn tún wà. Ṣọ́tigọ́ọ̀nù pọ́ǹpù, irú Mossberg 500 àti Remington 870 tó ti wà láyé látọdún tó súnmọ́ 1950 sí 1960, ẹ gbọ́dọ̀ fa ọwọ́ ẹ̀ sẹ́yìn dé òpin kẹ́ ẹ tún tì í síwájú dé òpin kó tó lè yìn lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà tí ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n kì í fà á dé òpin, ìbọn á sì há. Tó bá jẹ́ ṣọ́tigọ́ọ̀nù lẹ fẹ́ dandan, ẹ ra 20 gauge fún wọn, ó fúyẹ́ díẹ̀. Kẹ́ ẹ sì má ra ìbọn fún obìnrin ilé láìjẹ́ kó fọwọ́ kàn án ní rénjì, ọ̀pọ̀ ọkọ ló máa ń ra èyí tó wù wọ́n tí wọ́n á wá gbé e lé ìyàwó lọ́wọ́.

Àwọn kan ní ìró kàṣà-kàṣà tí pọ́ǹpù ń dún yẹn nìkan ti tó láti lé olè.

Ẹ má fi ẹ̀mí yín lé ìró lọ́wọ́. Olè tó sá torí ìró á ti sá torí iná tó tàn tàbí ajá tó gbó. Èyí tó gbé ìbọn tiẹ̀ dání, ẹ ti sọ ibi tẹ́ ẹ wà fún un nìyẹn. Ohùn yín ló dáa jù, ẹ pariwo pé ẹ ti pe ọlọ́pàá.

Ṣé AR yẹn kì í ṣe ìbọn ológun ni?

Ó jọ ọ́ lójú, àwọn kan sì gbà pé AR dúró fún "assault rifle", àmọ́ ArmaLite ló dúró fún, ìyẹn ilé iṣẹ́ tí Eugene Stoner wà nígbà tó ń ṣe é ní àwọn ọdún 1950. Ti ológun ń rọ́ ọta tààràrà téèyàn bá fi ìka sí i, èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, ìfà kan, ọta kan. Ọ̀rọ̀ nípa bóyá ó yẹ kí wọ́n máa tà á fáwọn aráàlú, ìjà ńlá ni ní Amẹ́ríkà, ìjọba àpapọ̀ fòfin de irú wọn láti 1994 sí 2004 kí òfin ọ̀hún tó tẹnu bọlẹ̀. Mi ò da ẹnikẹ́ni lẹ́bi tó ní òun ò ní gbé e wọlé tòun torí ohun tí wọ́n ti fi ṣe láwọn ilé ìwé níbí. Ẹni bẹ́ẹ̀ kó lọ ra 20 gauge, ilé ẹ̀ kò ní ṣófo.

Green card ni mo ní. Ṣé mo lè rà á? Àbúrò mi tó wá kàwé ńkọ́?

Ẹni tó ní green card lè rà á. Ìbọn gígùn, ọmọ ọdún 18 sókè ni òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí ṣọ́ọ̀bù tà á fún. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ kọ fọ́ọ̀mù 4473, wọ́n á fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí ibi tí FBI ti ń yẹ orúkọ wò, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998. Tẹ́ ẹ bá purọ́ sínú fọ́ọ̀mù yẹn, ẹjọ́ ńlá ni. Wọ́n á bi yín nípa igbó mímu, ìjọba àpapọ̀ ò sì rò ó pé ìpínlẹ̀ yín ti gbà á láyè. Wọ́n á bi yín bóyá wọ́n ti dá yín lẹ́bi rí torí pé ẹ na ìyàwó tàbí ọkọ yín, ẹ ò sì lè ra ìbọn tó bá rí bẹ́ẹ̀.

Àbúrò tó wà lórí físà ìwé tàbí físà iṣẹ́ tàbí tó wá ṣèbẹ̀wò, òfin ò gbà fún un kó ní ìbọn tàbí ọta, àfi àyè díẹ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀, bíi fún ẹni tó ní láísẹ́ńsì ọdẹ. Kó má ṣe dá a ṣe o, kó rí lọ́yà ìmígíréṣọ̀n. Ẹ̀yin náà ẹ má bá a rà á lórúkọ tiyín, straw purchase ni wọ́n ń pe ìyẹn, ẹ̀wọ̀n ló sì ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní green card mọ èyí sórí: tí wọ́n bá dá yín lẹ́bi lórí ẹ̀ṣẹ̀ ìbọn èyíkéyìí, wọ́n lè torí ẹ̀ dá yín padà sílé. Ọgbọ̀n ọdún tẹ́ ẹ ti lò níbí kò ní kí wọ́n má ṣe é.

Ẹ tún má ṣe gé irin ìbọn kúrú. Irin ráífù ò gbọdọ̀ dín ní ínṣì 16, ti ṣọ́tigọ́ọ̀nù ò gbọdọ̀ dín ní 18, àfi tẹ́ ẹ bá fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba lábẹ́ òfin ìbọn ti ọdún 1934.

Maryland ni mo wà. Chicago ni mo wà. London ni mo wà.

Maryland ti fòfin de ọ̀pọ̀ irú AR láti 2013. Illinois, níbi tí Chicago wà, ṣe tiẹ̀ ní oṣù kìíní 2023, ẹ sì nílò káàdì FOID, ìyẹn káàdì àṣẹ ìbọn, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ìbọn tàbí ọta kankan níbẹ̀. New York, New Jersey àti California náà le. Láwọn ibẹ̀ yẹn, ṣọ́tigọ́ọ̀nù pọ́ǹpù ló máa ń rọrùn láti rí rà láìwọ wàhálà.

London, ẹ gbàgbé ẹ̀. Lábẹ́ òfin Bìrìtìkó, "mo fẹ́ fi ṣọ́ ara mi" kì í ṣe ìdí tí ọlọ́pàá máa fi fún yín níwèé ìbọn.

Ọmọ wà nílé. Ibo ni kí n gbé e sí?

Inú séèfù. Kì í ṣe abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe orí kọ́bọ́ọ̀dù, kì í ṣe ẹ̀yìn aṣọ òkè tẹ́ ẹ kó sínú àpótí. Ọmọ mọ gbogbo ibi tẹ́ ẹ ń fi nǹkan pa mọ́ sí, ṣebí òun ló ń bá yín wá rìmóòtù. Séèfù kékeré wà tó ń ṣí pẹ̀lú nọ́ńbà tàbí ìtẹ̀ka láàárín sẹ́kọ́ńdù díẹ̀, ó gba ìbọn gígùn kan, ẹ lè kàn án mọ́ ògiri yàrá yín. Ní Texas, tí ọmọ tí kò tíì pé 17 bá rí ìbọn tó ní ọta nínú gbé torí pé ẹ̀yin ò tọ́jú ẹ̀, ẹ ti ṣẹ̀ sófin nìyẹn, tó bá sì lọ yìnbọn ṣe èèyàn léṣe gan-an, ẹjọ́ yẹn á tún le sí i.

Bàbá bàbá mi ọdẹ ni, lápá Ìṣẹ́yìn. Ohun tí mo rí lọ́wọ́ wọn nígbà tí mo wà ní kékeré ni pé wọn kì í gbé ìbọn tí ẹ̀tù wà nínú ẹ̀ wọ àárín ilé, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti máa ń tú u, ìyá àgbà á sì béèrè kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n wọlé. Tèmi lónìí, ọta wà nínú magasíìnì, kò sí ọ̀kankan lẹ́nu ìbọn. Ọ̀pọ̀ ṣọ́tigọ́ọ̀nù, tíríga nìkan ni séfítì ẹ̀ dì mú, tó bá ṣubú lulẹ̀ tí kátíríìjì sì wà lẹ́nu ẹ̀, ó lè yìn fúnra ẹ̀. Kẹ́ ẹ má ki ti ẹnu ẹ̀ àfi lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá dé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa Yorùbá kì í fẹ́ fẹnu bà, màá sọ ọ́. Lọ́dún 2021, èèyàn 48,830 ló tipa ìbọn kú ní Amẹ́ríkà. 26,328 nínú wọn, ó ju ìdajì lọ, àwọn fúnra wọn ni wọ́n yìn ín lu ara wọn. Olè kọ́ ló pa wọ́n. Tẹ́ ẹ bá ní ọmọ ní yunifásítì tí ojú ẹ̀ ti ń rẹ̀wẹ̀sì, tí kì í jẹun, tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, tàbí ẹ̀gbọ́n tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ tó wá ń gbé lọ́dọ̀ yín, ẹ gbé ìbọn kúrò nílé náà lónìí, kì í ṣe lọ́la, ẹ gbé e fún ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán tí òfin gbà kó gbé e. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà pe 988, nọ́ńbà tí wọ́n ń pè tí ẹnì kan bá ń ro pé òun fẹ́ para òun, tàbí kẹ́ ẹ bá a pè é. Ẹ má sọ pé àdúrà ló kù, ẹ gbé ìbọn kúrò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

Ìgbà wo ni mo lè yìn ín? Ṣé torí pé ó wọ inú ọgbà mi?

Òfin Texas sọ pé ẹ lè fi agbára tó lè pa èèyàn gbèjà ara yín tẹ́ ẹ bá ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání láti gbà pé lójú ẹsẹ̀ yẹn gan-an, ẹ̀mí yín tàbí ti ẹlòmíì wà nínú ewu. Láti 2007, tí ẹnì kan bá fipá já wọ ilé tẹ́ ẹ wà nínú ẹ̀, òfin á kọ́kọ́ gbà pé ìbẹ̀rù yín tọ́. Òfin Texas náà ní àyè kan nípa dúkìá lóru, àwọn ará wa kan sì fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí i. Mi ò ní pa èèyàn torí tẹlifíṣọ̀n, mi ò sì ní kọ́ ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń sá lọ, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn kì í ṣe ẹni tó já ilẹ̀kùn. Ní oṣù kọkànlá 2013, ní Dearborn Heights ní Michigan, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 19 kan tó ń jẹ́ Renisha McBride ní jàǹbá ọkọ̀ lóru, ó wá ń kan ilẹ̀kùn ilé kan. Onílé gbé ṣọ́tigọ́ọ̀nù 12 gauge, ó yìn ín láti inú ilé. Ọmọ náà kú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n dá onílé yẹn lẹ́bi ìpànìyàn. Ọmọ tó kú ò gbébọn, ilẹ̀kùn kò sì já. Mo máa ń rántí ẹ̀ torí pé ọmọ tiwa náà lè jẹ́ ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn lóru, mọ́tò á daṣẹ́ sílẹ̀, fóònù á kú.

Àwọn ọdẹ wa mọ ìjàǹbá yìí tipẹ́. Gbogbo ìlú ọdẹ ló ní ìtàn ọdẹ kan tó rí ojú tó ń dán nínú igbó, tó yìnbọn, tó débẹ̀ tó bá ọmọ ìyá ẹ̀ nílẹ̀. Torí náà, tọ́ọ̀ṣì tó lágbára, tó wà lára ìbọn àti òmíràn tẹ́ ẹ máa fi ọwọ́ mú, ó ṣe pàtàkì ju gbogbo nǹkan tí wọ́n ń gbé mọ́ ìbọn lọ. Ọmọ tó yọ́ jáde lóru tó ń yọ́ wọlé, ọmọ yín ni. Ẹ tanná kẹ́ ẹ wò ó, ẹ pe orúkọ. Ẹ fi ti ọwọ́ wò ó, torí ibi tí ti ara ìbọn bá ń tàn sí, ẹnu ìbọn ti wà níbẹ̀.

Ṣé mo lè yìn ín sókè láti fi dẹ́rù bà á?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Lọ́dún 2013, Joe Biden tó jẹ́ igbákejì ààrẹ nígbà náà sọ ọ́ ní gbangba pé òun ti ní kí ìyàwó òun jáde sí bálíkónì kó yìn ín lẹ́ẹ̀mejì, ìmọ̀ràn yẹn ò dáa. Ọta tó lọ sókè máa balẹ̀ síbì kan, tẹ́ ẹ bá sì ráyè yìn ín sófìfo, lọ́yà ìjọba á béèrè pé báwo lẹ ṣe wá ní ẹ̀mí yín wà nínú ewu.

Mo ti pe 911, ìbọn wà lọ́wọ́ mi. Kí ni kí n ṣe tí ọlọ́pàá bá dé?

Kó má sí lọ́wọ́ yín nígbà tí wọ́n bá máa rí yín. Ẹ sọ fún ẹni tó gbé fóònù pé ẹ̀yin ni onílé, ẹ sọ àwọ̀ aṣọ tẹ́ ẹ wọ̀, ẹ sọ pé èèyàn dúdú ni yín, ẹ sọ yàrá tẹ́ ẹ wà, ẹ sọ pé ìbọn wà pẹ̀lú yín, ẹ má fi fóònù sílẹ̀. Tí wọ́n bá ti ní ọlọ́pàá dé, ẹ gbé e sílẹ̀, kẹ́ ẹ na ọwọ́ méjèèjì.

Atatiana Jefferson, ọmọ ọdún 28, wà nínú ilé tiwọn ní Fort Worth ní oṣù kẹwàá 2019, òun àti ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́jọ ń gba géèmù lóru. Aládùúgbò ló pe ọlọ́pàá torí pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Atatiana gbọ́ ìró lẹ́yìn ilé, ó mú ìbọn ẹ̀, ìbọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí nínú ilé ara ẹ̀, ọlọ́pàá yìnbọn láti ojú fèrèsé pa á. Wọ́n dá ọlọ́pàá náà lẹ́bi ní 2022, àmọ́ ọmọbìnrin yẹn ò jí. Ìbọn gígùn ò ṣeé fi pa mọ́ sára, ó ń hàn láti òkèèrè, ìyẹn ò sì yàtọ̀ yálà ṣọ́tigọ́ọ̀nù ni tàbí ráífù. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ìró níta, ẹ dúró sínú, ẹ má lọ sójú fèrèsé.

Èló ni?

Pọ́ǹpù tó dáa wà láti nǹkan bíi 250 dọ́là sókè, AR tó dáa láti nǹkan bíi 500. Séèfù, tọ́ọ̀ṣì, ìbòtí tẹ́ ẹ máa fi bo etí, owó rénjì àti ọta ìdánrawò lè tó iye ìbọn náà. Tí owó yín ò bá tó gbogbo ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ra ilẹ̀kùn tó le, ìdè ilẹ̀kùn tó gùn pẹ̀lú ìṣó gígùn, àti iná tó ń tàn tí èèyàn bá kọjá.

Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n lọ dánra wò?

Tẹ́ ẹ bá ti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ olùkọ́ tó mọṣẹ́, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù méjì. Ẹ mú ìbòtí dání, ìró tó bá ti ju 140 dẹ́sìbẹ́ẹ̀lì lọ ń ba etí jẹ́, ìbọn méjèèjì ló sì jù ú lọ, nínú yàrá ó tún burú sí i. Gbogbo ìbọn lẹ máa kà sí èyí tó ní ọta, ẹ ò ní kọjú ẹ̀ sí ohun tẹ́ ò fẹ́ pa run, ìka ò ní dé tíríga títí ẹ ó fi ṣe tán, ẹ ó sì mọ ohun tẹ́ ẹ ń yìn àti ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé òun ò ní ráyè lọ dánra wò, kó má rà á, ìbọn téèyàn ò mọ̀ ọ́n lò dáadáa, ewu ilé ni.

Ṣé mo lè fi ọ̀kan sínú kòǹténà tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé? Àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ti pọ̀ lọ́nà oko wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ̀dùn ọkàn yín yé mi, èmi náà ní ẹbí lọ́nà ibẹ̀ yẹn. Àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni ní Amẹ́ríkà láti fi ìbọn ránṣẹ́ sókè òkun láìgba ìwé àṣẹ, ní Nàìjíríà sì rèé, òfin ìbọn tó ti wà látọdún 1959 ò gba ṣọ́tigọ́ọ̀nù pọ́ǹpù tàbí èyí tó ń ki ara ẹ̀ láyè fún aráàlú, èyí téèyàn lè gba ìwé ẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń ṣẹ́ ní àárín ki kátíríìjì sí, ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì, àti ṣakabùlà. Ẹni tí wọ́n bá ká èyí tí òfin kà léèwọ̀ mọ́ lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ẹ̀ ò dín lọ́dún mẹ́wàá. Ní oṣù kìíní 2017, Kọ́sítọ́ọ̀mù gbá kòǹténà kan mú l'Ékòó tí pọ́ǹpù 661 wà nínú ẹ̀. Owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ra ìbọn, ẹ fi ran àwọn ọdẹ àdúgbò lọ́wọ́, ẹ ra rédíò ìbánisọ̀rọ̀ àti tọ́ọ̀ṣì fún wọn.

Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, èwo lẹ gbé sílé?

Ráífù .223, pẹ̀lú ọta tí imú ẹ̀ ń là, tọ́ọ̀ṣì lára ẹ̀, nínú séèfù tí èmi àti ìyàwó mi nìkan mọ nọ́ńbà ẹ̀. Ṣọ́tigọ́ọ̀nù 12 gauge ni mo kọ́kọ́ rà, mo lò ó fún ọdún mẹ́rin, mo pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́yìn tí ìyàwó mi yìn ín lẹ́ẹ̀kan tó gbé e sílẹ̀ tó ní òun ò ní fọwọ́ kàn án mọ́, ìbọn tí ìdajì ilé ò lè lò kò wúlò fún ilé. Ilé alájà ni tiwa, òkè ni gbogbo wa ń sùn sí. Tí ọ̀ràn bá dé, ìyàwó mi á kó àwọn ọmọ sí yàrá tó wà lẹ́yìn, á ti ilẹ̀kùn, á wà lórí fóònù. Èmi á dúró sórí àtẹ̀gùn, mi ò ní sọ̀ kalẹ̀, kí ẹni tó wọlé máa kó ohun tó bá fẹ́ kó nísàlẹ̀. Tó bá wá dé ìdí àtẹ̀gùn tó sì ń gòkè bọ̀, láti ibi tí mo wà yẹn, ilẹ̀ ni ẹnu ìbọn kọjú sí, kọnkéré ló sì wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, kò sí bẹ́ẹ̀dì ọmọ, kò sí ilé aládùúgbò. Ibẹ̀ nìkan ni mo lè yìnbọn sí nínú ilé mi.